Ọjọ́ A Kú Là Ń Dère: Bó Ṣe Yẹ Ká Rántí Belzoni, Ará Padua

Ọ̀rọ̀ òkú ni mo mú wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní: "Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, "dère" ni "di ère". Nígbà tí èèyàn wà láyé, aládùúgbò ń bá a jà, ẹbí ń bínú sí i, ẹni tó jẹ lówó ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀. Ọjọ́ tó bá kú, gbogbo wa á ní kò sírú rẹ̀ mọ́. A máa ń fi òwe yìí bá àwọn alààyè wí, pé kí wọ́n yin ara wọn kí ikú tó dé. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ìhà kejì tí a kì í sábà wò. Ère kì í sọ̀rọ̀. Ère kì í san gbèsè. Tí a bá sọ òkú di ère, a ti gbé e kúrò níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè bi í léèrè ohun tó ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa rántí àwọn tó ṣe wá lóore?

Ìbéèrè mi gan-an nìyí. Bí èèyàn bá lawọ́ sí ìlú rẹ̀, tí ohun tó fi ta ìlú náà lọ́rẹ sì jẹ́ ohun tó kó ní ojúbọ àwọn ẹlòmíràn, báwo ló ṣe yẹ ká rántí rẹ̀ lẹ́yìn ikú? Ẹni tí mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ yìí ni Giovanni Battista Belzoni, ọ̀kan nínú àwọn awalẹ̀pìtàn àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì. Padua, ní àríwá Ítálì, ni wọ́n bí i sí. Ughoton, ní ilẹ̀ Ìbíní, lẹ́bàá ilé tiwa níhìn-ín, ni wọ́n sin ín sí.

Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1778 ni wọ́n bí i. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀, kì í ṣe ọlọ́lá. Ọmọ náà ga bí ìrókò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, agbára rẹ̀ sì bá gíga rẹ̀ mu. Nígbà tí ogun Faransé wọ Ítálì, ó fi ilé sílẹ̀, ó ń rìn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó di 1803, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Sarah. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni pé á gbé irin kan kọ́ èjìká, èèyàn bíi mọ́kànlá á gun orí irin náà, òun á sì máa gbé wọn rìn kiri lórí ìtàgé, àwọn òǹwòran á máa pàtẹ́wọ́. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Ẹni tébi ń pa kì í ṣa iṣẹ́ ṣe.

Ní 1815 ó lọ sí Íjíbítì láti fi ẹ̀rọ tó ń fa omi han Muhammad Ali, alákòóso ilẹ̀ náà. Alákòóso wò ó tán, kò rà á. Owó Belzoni sì ti ń tán lọ. Ìgbà yẹn ni Henry Salt, kọ́ńsọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ fún un, pé kí ó lọ gbé orí ère òkúta Fáráò Ramesses Kejì tó wà ní Thebes. Orí yẹn wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 7. Belzoni kó àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jọ, wọ́n fi igi àti okùn wọ́ ọ dé etí odò Náílì lọ́dún 1816. Lọ́ńdọ̀nù ló wà títí dòní. Ní 1817, ó kó yanrìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Abu Simbel, ó wọlé. Lọ́dún yẹn náà ló ṣí ibojì Fáráò Seti Kìíní. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1818, ó rí ọ̀nà wọ inú pírámídì Khafre ní Giza, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà sára ògiri inú rẹ̀. Ẹni tó bá wọbẹ̀ lónìí á kà á.

Nígbà tó padà wá sí Ítálì ní 1819, ó ta ìlú bàbá rẹ̀ lọ́rẹ. Ère òkúta dúdú méjì ló kó fún Padua, èyí tó ní ara obìnrin àti orí kìnnìún. Sekhmet ni wọ́n ń pe òrìṣà náà. Lójú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, òun ló ń rán àrùn, òun náà ni wọ́n sì ń bẹ̀ kí àrùn lè kúrò. Àwọn àwòrò rẹ̀ a sì máa wo aláìsàn. Mi ò ní kí ẹ fi òrìṣà kan ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wólẹ̀ fún Ọbalúayé rí mọ irú agbára tí mò ń sọ. Padua gbé àwọn ère náà sí gbọ̀ngàn ńlá àárín ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Palazzo della Ragione. Wọ́n rọ mẹ́dàlì láti fi yẹ́ ẹ sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1827, wọ́n gbẹ́ àwòrán ojú rẹ̀ sára òkúta mábù, wọ́n sì gbé e sínú ilé kan náà. Ẹ ò rí i? Ó di ère lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ìlawọ́ ni èyí. Ẹ fi wé ti Bernardino Drovetti, tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ gbẹ́ ní Íjíbítì. Ọmọ Barbania ni Drovetti, lẹ́bàá Turin, òun sì ni kọ́ńsọ̀ Faransé. Ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan jọ, ó tà á fún ọba Sardinia, ọjà yẹn ló sì di ìpìlẹ̀ Museo Egizio, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Íjíbítì tó wà ní Turin láti 1824. Belzoni náà ta nǹkan, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé kò fẹ́ owó. Ṣùgbọ́n ère méjì wọ̀nyí, tí ì bá rówó gidi lórí wọn, kò tà wọ́n. Ó fi wọ́n fún ìlú tí bàbá rẹ̀ ti ń fárí fún èèyàn. Ẹni tí kò ní tó, tó sì tún fúnni, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìlawọ́ ní ìbéèrè tó ń tẹ̀lé e: ta ló ni í? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọrẹ, ohun tirẹ̀ ló yẹ kó fi ṣe é. Ẹni tó ń gbèjà Belzoni á dáhùn pé ìwé àṣẹ alákòóso wà, ìyẹn ni pé òfin ìgbà yẹn fọwọ́ sí i. Á ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bọ Sekhmet kẹ́yìn ní Íjíbítì. Á ní àwọn èèyàn ibẹ̀ gan-an ń fọ́ òkúta àtijọ́ láti fi kọ́lé tàbí láti sun ún di ẹfun ìkọ́lé, nítorí náà ẹni tó gbé e lọ ló gbà á là. Mi ò fi ọwọ́ rọ́ àwíjàre yìí sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ gidi ló wà nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe irú iṣẹ́ tí Belzoni ṣe, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ lónìí ni a kò bá má mọ̀.

Ohun tó mú ara mi bù máṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin. Belzoni fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1820. Níbẹ̀ ló ti sọ bó ṣe ń wọ inú ihò òkú ní Qurna, níbi tí wọ́n to òkú tí wọ́n fi oògùn tọ́jú, tí wọ́n fi aṣọ wé, jọ bí ìdì igi. Ó ní ó rẹ òun, òun wá ibi jókòó, òun sì jókòó lé òkú kan lórí. Òkú náà fọ́ wómúwómú lábẹ́ òun. Ó ní bí òun ṣe ń rìn lójú ọ̀nà tóóró náà ni òun ń tẹ òkú mọ́lẹ̀, tí ojú àwọn òkú sì ń kan ojú òun. Ìwé òrépèté tí wọ́n kì mọ́ àwọn òkú lára ló ń wá. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, kò sì tọrọ gáfárà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìtàn àrìnkò.

Ìwé àṣẹ lè fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Kò lè kọ́ ọ bí a ṣe ń kí onílé. Àwa tí a ń ṣe ìṣẹ̀ṣe, kí a tó gbẹ́lẹ̀, a ń júbà ilẹ̀. Kí a tó wọ igbàlẹ̀, a ń kàgò. Kì í ṣe nítorí pé ẹ̀rù ń bà wá nìkan. Ìdí rẹ̀ ni pé a gbà pé òkú ní ilé, ó ní ọmọ, ó ní orúkọ, kódà bí a kò bá mọ̀ ọ́n. Òkú tí kò lè bá wa jà ni ìwà wa ti ń hàn jù lọ.

Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ Íjíbítì nìkan ni. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó gbẹ́ inú Igbó Olókun, ó fi owó díẹ̀ gba àwọn orí amọ̀ àti orí Olókun tó gbajúmọ̀ yẹn. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì mú kó dá orí Olókun padà, ṣùgbọ́n àwọn orí amọ̀ kan bá a dé Berlin. Ó yin iṣẹ́ náà títí, tó fi sọ pé kì í ṣe àwọn baba wa ló lè ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis tó ti rì sínú òkun ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ wò ó: ó kó ohun náà, ó tún gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ní 1938 ni Frobenius kú, ní Biganzolo, létí adágún Maggiore, ní àríwá Ítálì. Ará Padua tó gbẹ́ ilẹ̀ Íjíbítì kú sí Ìbíní. Ẹni tó gbẹ́ Igbó Olókun kú sí etí omi Ítálì. Kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ tó máa gba òun.

Belzoni kò mọ̀ náà. Ní 1823, ó fẹ́ dé Timbuktu. Ó gba Mòrókò, ọ̀nà dí. Ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí etíkun wa, ó gúnlẹ̀ sí Ughoton, èbúté ìjọba Ìbíní, ó gba ibẹ̀ lọ sí ìlú Ìbíní. Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú un. Wọ́n gbé e padà wá sí Ughoton, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1823. Ẹni ọdún 45 ni. Wọ́n sin ín sábẹ́ igi ńlá kan, wọ́n fi pákó tí wọ́n kọ̀wé sí sí ojú oórì rẹ̀. Nígbà tí Richard Burton, kọ́ńsọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá oórì náà dé Ughoton ní 1862, wọ́n ṣì lè fi ibẹ̀ hàn án.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á sọ pé Sekhmet, olúwa àrùn, ló bá a dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Ọ̀pọ̀ àlejò tí kò fọwọ́ kan ère kankan ni àrùn pa ní etíkun wa láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá ń fi ikú ẹlòmíràn pa òwe ìdájọ́, kó rántí pé òun náà máa kú. Ohun tí mo rí ní Ughoton kì í ṣe ẹ̀san. Ìlawọ́ ni mo rí. Wọn ò mọ bàbá rẹ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀ Ọba Ìbíní gba òkú rẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, kò bèèrè owó ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbé e sínú gbọ̀ngàn kí àwọn èèyàn máa sanwó wò ó. Nígbà tó kọjá ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ṣì mọ ibi tó sùn sí. Láti Ughoton yìí kan náà ni Phillips àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti mú ọ̀nà Ìbíní pọ̀n ní oṣù kìíní 1897, èyí tó fa ogun oṣù kejì, tí wọ́n fi sun ìlú, tí wọ́n sì kó ère ààfin lọ. Ìlú tó bo òkú àlejò mọ́lẹ̀ ni àlejò gbà kọjá lọ tú ojúbọ àwọn baba Ọba.

Báwo wá ni ká ṣe rántí Belzoni? Àwọn baba wa ti fi ọ̀nà hàn wá: oríkì. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń rò pé ìyìn nìkan ni oríkì. Ẹ gbọ́ oríkì jagunjagun, oríkì ọba, oríkì orílẹ̀. Wọ́n á sọ pé ó lówó, wọ́n á sọ pé ó jà. Lójú kan náà wọ́n á sọ ẹni tó ṣìkà sí, gbèsè tó jẹ, àti ìjà tó fi ojú gba ti. Ọmọ rẹ̀ á jókòó síbẹ̀, á máa gbọ́, orí rẹ̀ á wú, á sì fi owó lé onírárà lórí. Kí nìdí? Ìdí ni pé ẹni tí a bá pe ìdajì rẹ̀ kò lè dáhùn. Òkú tí a bá fẹ́ kó jẹ́ baba fún wa, odindi rẹ̀ la gbọ́dọ̀ pè. Ère mábù kò lè gbé èyí. Ìdajì tó dára ló máa ń gbé.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n ki Belzoni, báyìí ni màá ṣe ki í: Òmìrán ọmọ onígbàjámọ̀. Agbéni-mọ́kànlá-léjìká. Ó fi okùn wọ́ orí Fáráò dé etí odò. Ó jókòó lé baba onílé, kò kàgò. Ó ti Íjíbítì gbé òrìṣà, ó fi ṣe ilé bàbá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Tálákà tó fúnni bí olówó. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ilé òkú, kò parẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí pákó nílẹ̀ olójò, ta ló lè kà á mọ́? Ìbíní gbà á, kò gbowó.

Sarah náà yẹ nínú oríkì yẹn. Ó bá ọkọ rẹ̀ dé Íjíbítì, ó bá a jìyà, nígbà tí ọkọ kú ó ṣẹ́kù òun nìkan nínú ìṣẹ́. Ó di 1851 kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fún un ní owó ìrànwọ́, nígbà tí orí òkúta tí ọkọ rẹ̀ gbé wá ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń yin òkú máa ń gbàgbé opó rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀.

Lónìí, ọ̀nà ti yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Turin, ní Padua àti káàkiri Ítálì, ọmọ Ẹ̀dó ni wọ́n. Ilẹ̀ tó gba Belzoni ni wọ́n ti wá sí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn kò dé. Aṣálẹ̀ Sàhárà gbà lára wọn, òkun gbà lára wọn, kò sí pákó tí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 2015, ọkọ̀ kan tó kún fún àwọn ọmọ Áfíríkà rì lójú òkun Líbíà. Ìjọba Ítálì gbé ọkọ̀ náà jáde kúrò nísàlẹ̀ òkun ní 2016. Ọ̀mọ̀wé Cristina Cattaneo ti Yunifásítì Milan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ òkú kọ̀ọ̀kan wò, aṣọ rẹ̀, eyín rẹ̀, ohun tó wà nínú àpò rẹ̀, kí wọ́n lè mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Iṣẹ́ òkú ni iṣẹ́ Belzoni, iṣẹ́ òkú ni èyí náà. Ṣùgbọ́n Belzoni wá ohun tó wà lára òkú nítorí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn wọ̀nyí ń wá a nítorí òkú náà àti ìyá rẹ̀. Ohun tí Ughoton ṣe fún ọmọ Padua ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe fún ọmọ wa.

Ó wá ku àwa fúnra wa. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní ère ìbejì àtijọ́ nílé, tàbí osé Ṣàngó tí ẹ rà lọ́jà nǹkan àtijọ́ ní ìlú òyìnbó. Ẹ rà á nítorí ìfẹ́ òrìṣà, mo mọ̀. Belzoni náà fẹ́ràn ohun tó gbé. Ìbejì kì í ṣe igi lásán: ọmọ kan ló kú, ìyá kan ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, tó ń gbé e pọ̀n. Ẹ béèrè ibi tó ti wá. Tí ẹ bá rí ìdílé tó ni í, ẹ ránṣẹ́ sí wọn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí ẹ kò bá rí wọn, ẹ má fi ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ má sì tà á. Ẹ máa kí i bí ọmọ àlejò tí ọ̀nà dí mọ́ níwájú yín. Kí ẹ tó fi ta tẹ́ńpìlì yín tàbí olúwo yín lọ́rẹ, ẹ rántí Padua.

Bí ẹsẹ̀ yín bá sì dé Padua, ẹ lọ wo àwọn Sekhmet méjì náà. Ẹ kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí a ṣe ń kí òrìṣà tí kì í ṣe ti ilé ẹni. Ẹ kí ọmọ onígbàjámọ̀ náà, nítorí ó ṣe oore tó bá agbára rẹ̀ mu, kò sì pa àṣìṣe rẹ̀ mọ́ fún wa. Tí ẹ bá jáde síta, ẹ ta omi tútù sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní oórì.

Kí ilẹ̀ gbà wá nígbà tó bá tó àkókò. Kí àwọn tó máa kù sílẹ̀ lè pe odindi orúkọ wa láìtijú. Àṣẹ.